"Ìyà Ń Jẹ Mí" Àti "Wọ́n Ń Fi Ìyà Jẹ Mí": Ẹ̀kọ́ Búdà Láàrin Àwọn Tí Ayé Tì Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ṣẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n inú kíláàsì Yorùbá ni ó ti bá mi. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní èdè wa ní òkè òkun, a sì dé orí ọ̀rọ̀ náà, ìyà. Mo kọ gbólóhùn méjì sí ojú pátákó: "Ìyà ń jẹ mí" àti "Wọ́n ń fi ìyà jẹ mí." Mo ṣàlàyé pé gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ ẹni tí ó fa ìyà náà, àfi bí ẹni pé ìyà fúnra rẹ̀ ni ó ní eyín. Èkejì ni ó na ìka sí ẹnì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìlú Nagpur ní ilẹ̀ Íńdíà, nawọ́ sókè. Ó ní, "Olùkọ́, ohun tí ó sọ ìyá bàbá mi di ẹlẹ́sìn Búdà ni ẹ kọ sí ojú pátákó yẹn."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni ó ń ṣe. Nígbà tí kíláàsì tú, ó dúró dè mí, ó sì sọ fún mi pé ìyá bàbá òun wà lára èrò rẹpẹtẹ tí ó péjọ sí Nagpur ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 1956. Ìyá náà kò mọ ìwé kà. Síbẹ̀, títí ó fi kú ni ó ń sọ ẹ̀jẹ́ méjìlélógún tí ó jẹ́ lọ́jọ́ náà jáde lórí, láì fo ọ̀kan, nítorí pé èdè Marathi tí wọ́n ń sọ nílé ni a fi gbé wọn kalẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá gbé ẹ̀kọ́ ńlá kan dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ayé ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ta ni ó ni ín nígbà tí ó bá débẹ̀? Ṣé ẹni tí ó gbé e wá ni, tàbí ẹni tí ó gbà á? Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó gbà á ni. Bí kò bá tíì di tirẹ̀, tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, tí kò lè bi í léèrè, tí kò lè fi kọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí a tilẹ̀ kọ́ tẹ́ḿpìlì méjìlá sí àdúgbò rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ẹ̀sìn Búdà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ tí a fi èdè Pali kọ sọ ìtàn Upali onígbàjámọ̀, ẹni tí ó ń fá irun fún àwọn ọmọ aládé ìran Sakya. Nígbà tí àwọn ọmọ aládé náà fẹ́ di mọ́ńkì, wọ́n bẹ Búdà pé kí ó gba Upali wọlé ṣáájú àwọn, kí ó lè di dandan fún àwọn láti máa wólẹ̀ fún ẹni tí ó ti jẹ́ ìránṣẹ́ àwọn, kí ìgbéraga ìran àwọn lè rọlẹ̀. Onígbàjámọ̀ yìí kan náà ni a wá mọ̀ sí ọ̀gá nínú ìmọ̀ òfin àwọn mọ́ńkì. Àwọn ìwé náà tún sọ nípa Sunita tí ó ń gbálẹ̀ ìdọ̀tí, nípa Angulimala ọlọ́ṣà tí ó ti pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, àti nípa Ambapali, obìnrin tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣòwò ní ìlú Vesali. Ambapali ni ó kọ́kọ́ pe Búdà síbi oúnjẹ, àwọn ìjòyè ìlú sì fẹ́ fi owó ra àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Búdà náà kò torí àwọn ìjòyè yẹ àdéhùn. Ilé Ambapali ni ó ti jẹun.

Ìtàn kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn èdè mọ̀. Àwọn mọ́ńkì méjì kan wà, ọmọ ìran Bírámínì, tí ohùn wọn dùn, tí ọ̀rọ̀ sì já gaara lẹ́nu wọn. Wọ́n lọ bá Búdà, wọ́n ní àwọn mọ́ńkì tí ó ti oríṣiríṣi ìran àti ìlú wá ń fi èdè wọn ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn yí ọ̀rọ̀ náà sí èdè àwọn ìwé mímọ́, èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Búdà bá wọn wí. Ó kà á léèwọ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a kọ́ ọ̀rọ̀ òun ní "èdè ẹni". Buddhaghosa, olùtumọ̀ ńlá ọ̀rúndún karùn-ún, sọ pé èdè Búdà fúnra rẹ̀ ni "èdè ẹni" níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní ní èdè olúkúlùkù ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó sọ èyí tí ó kẹ́yìn ni mo wà, nítorí pé ẹjọ́ tí àwọn mọ́ńkì méjì náà rò kò ní ìtumọ̀ bí kò bá jẹ́ pé onírúurú èdè ni àwọn tí ó kù ń lò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Nagpur. Ọdún 1891 ni a bí Bhimrao Ramji Ambedkar sínú ìran Mahar, ọ̀kan nínú àwọn ìran tí àwọn tí ó wà ní ipò òkè kà sí ẹni àìfọwọ́kàn. Nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé, orí àpò tí ó gbé láti ilé ni ó ń jókòó lé, kí ara rẹ̀ má baà kan ohun tí àwọn ọmọ yòókù ń lò. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Ìránṣẹ́ ilé-ìwé ni ó ní láti ṣí i fún un. Bí ìránṣẹ́ náà kò bá sí nítòsí, ọmọ náà kò ní mu omi. Ọmọ yìí ni ó kàwé dé Yunifásítì Columbia ní New York àti London School of Economics. Òun náà ni ó di alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìwé òfin ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí Abala 17 rẹ̀ fi òpin sí àṣà àìfọwọ́kàn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1927, Ambedkar kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn lọ sí adágún omi Chavdar ní ìlú Mahad. Àwọn aláṣẹ ìlú ti kéde ṣáájú pé omi náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Ẹran ọ̀sìn ń mu níbẹ̀, àwọn "ẹni àìfọwọ́kàn" kò gbọdọ̀ mu. Ambedkar bu omi, ó mu, àwọn ènìyàn rẹ̀ náà mu. Lọ́jọ́ náà gan-an ni a lù wọ́n, lẹ́yìn èyí ni àwọn ará ipò òkè sì ṣe ètùtù láti fọ adágún náà mọ́. Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ní Mahad, a sọ omi di ọ̀tá ènìyàn.

Mo fẹ́ kí ẹ fi omi yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Àwọn tí ó bá ti ka díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Búdà mọ̀ pé ó dúró lórí òtítọ́ mẹ́rin. Èkíní sọ pé ìyà wà. Èkejì sọ pé ohun kan ni ó fa ìyà, ohun náà ni èdè Pali ń pè ní taṇhā. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa túmọ̀ rẹ̀ sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni òǹgbẹ. Òtítọ́ ńlá ni fún ẹni tí ilé rẹ̀ kún, tí ọkàn rẹ̀ kò sì yó. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí etí adágún Mahad, kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí a kò jẹ́ kí ó bu omi: "Òǹgbẹ rẹ ni ó fa ìyà rẹ." Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní bínú?

Ambedkar rí ìṣòro yìí. Ní ọdún 1935, ó kéde ní Yeola pé bí a tilẹ̀ bí òun sínú ẹ̀sìn Híńdù, òun kò ní kú sínú rẹ̀. Ó tó ọdún mọ́kànlélógún kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ náà, nítorí pé ó ń kàwé, ó ń wádìí, ó ń bi ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, The Buddha and His Dhamma, tí ó jáde ní 1957 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó béèrè ní gbangba bóyá òtítọ́ mẹ́rin náà wà nínú ohun tí Búdà fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn, tàbí àwọn mọ́ńkì ni ó fi kún un. Ó tún bi ẹ̀kọ́ àtúnwáyé léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí a ti fi ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́ láti ayébáyé ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá ní ayé àtẹ̀yìnwá ni ó mú kí a bí wọn sí ipò ìsàlẹ̀. Ní kúkúrú, gbólóhùn kejì ojú pátákó mi ni Ambedkar yàn. Ìyà tí ó ń wí ní ẹni tí ó ń fi í jẹni.

Ní ọjọ́ tí mo wí yẹn ní 1956, mọ́ńkì àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ Burma, U Chandramani, ni ó gba Ambedkar àti ìyàwó rẹ̀ sínú ẹ̀sìn náà. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ambedkar, tí kì í ṣe mọ́ńkì, kọjú sí àwọn èrò tí iye wọn tó 400,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbà wọ́n wọlé. Ó fún wọn ní ẹ̀jẹ́ méjìlélógún: pé wọn kò ní bọ àwọn òrìṣà Híńdù mọ́, pé wọn yóò gbà pé ọgba ni gbogbo ènìyàn, pé wọn kò ní jalè, wọn kò ní mu ọtí. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ó fi kú, ní ọjọ́ 6, oṣù Kejìlá. Ètò ìkànìyàn Íńdíà ti ọdún 2011 fi hàn pé ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 8.4, àti pé nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5 nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ibi tí Nagpur wà.

Àwọn kan ń sọ pé Ambedkar bu omi lu ẹ̀kọ́ náà, pé ìṣèlú ni ó fi aṣọ ẹ̀sìn bò. Mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn tí ó kàwé jù mí lọ. Èsì mi ni pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ nípa ìyà, ta ni ó yẹ kí ó sọ ìtumọ̀ ìyà bí kò ṣe ẹni tí ìyà ti jẹ? Nínú ọ̀rọ̀ àtúnwáyé, Ambedkar ni mo gbè lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀kọ́ tí ó bá ń sọ fún ọmọ ọwọ́ pé òun ni ó jẹ̀bi àìrí omi mu ti di ohun èlò lọ́wọ́ aninilára.

Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán. Ní ti òǹgbẹ, mo rò pé ó yára ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ wò ó: ta ni òǹgbẹ ń gbẹ jù ní etí adágún Mahad? Ṣé ẹni tí ó fẹ́ bu omi mu ni, tàbí ẹni tí kò lè sùn bí ẹlòmíràn bá mu níbẹ̀? Òǹgbẹ ipò wà. Òǹgbẹ pé kí n ga ju ẹnì kejì mi lọ wà. Omi kì í pa irú òǹgbẹ bẹ́ẹ̀, bí adágún tilẹ̀ kún dé etí. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ òǹgbẹ kò burú. Ẹni tí a ń wàásù rẹ̀ fún ni a ṣì mú. Àwọn tí ó wà lókè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà á sí létí. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀kọ́ náà ti wúlò fún ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò dìde dúró, òǹgbẹ ipò yóò sì dé bá a.

Àwọn tí a tì jáde ni mo ti ń wí láti òkè wá. Àwọn mìíràn tún wà tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, ohun tí wọ́n nílò kò sì rí bákan náà. Ní ọdún 1959, àlùfáà Zen kan, Shunryu Suzuki, ti Japan dé San Francisco láti ṣe olórí tẹ́ḿpìlì Sokoji. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá, àwọn tí ó ti kọ ẹ̀yìn sí ayé àwọn òbí wọn: onírun gígùn, akéwì, àwọn tí oògùn olóró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ. Suzuki kò lé wọn, kò sì pọ́n wọn lé. Ó ní kí wọ́n wá jókòó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n na ẹ̀yìn wọn ró ṣánṣán, kí wọ́n sì tún wá lọ́la. Ẹni tí ayé ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ọgba ni ìwọ àti ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti já gbogbo okùn nílò okùn kan tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú. Bí a bá fún èkejì ní oògùn èkíní, a ó kàn fi ìgbéraga kún ìgbéraga rẹ̀ ni.

Ìtàn San Francisco ní ẹ̀gbẹ́ kan tí a máa ń gbàgbé. Àwọn ará Japan tí ó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ni wọ́n ni tẹ́ḿpìlì Sokoji. Àwọn wọ̀nyí ni ìjọba Amẹ́ríkà kó kúrò nílé wọn sí àgọ́ àtìmọ́lé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn gan-an ni ẹni tí a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ni ó sì ń dáná ẹ̀sìn náà kí ó má baà kú. Ní 1969, àwọn ọmọ tuntun náà kó lọ sí ilé tiwọn ní òpópónà Page. Lónìí, bí a bá ń sọ bí ẹ̀sìn Búdà ṣe dé Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn akéwì onírun gígùn ni ó máa ń yá lẹ́nu. Èyí kò tọ́. Ẹni tí ó bá yá iná lọ́dọ̀ aládùúgbò kò gbọdọ̀ gbàgbé ààrò tí ó ti yá a.

Ẹnì kan wà tí a tì jáde, tí òun náà sì tún rìn jáde. Ọdún 1933 ni a bí Tommy Dorsey. Ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ni, ó máa ń múra bí obìnrin láti ṣeré lórí ìtàgé, oògùn olóró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run ún. Ó bá Suzuki pàdé, ó jókòó, ó di àlùfáà, a sì sọ ọ́ ní Issan. Ní àdúgbò Castro, ibi tí àwọn tí ó dà bí tirẹ̀ ń gbé, àrùn éèdì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọ̀dọ́ bí ewé tí ó ń rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: ẹni àìfọwọ́kàn. Ní 1987, Issan gba aláìsàn kan tí kò ní ilé wọ inú ilé Zen tí ó wà ní òpópónà Hartford. Láti ibẹ̀ ni ó ti di Maitri, ilé ìtọ́jú àwọn tí ó ń kú lọ, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí inú rere. Àrùn yìí kan náà ni ó pa Issan ní 1990.

Kò sí ẹni tí ó gbé ẹ̀kọ́ náà wá fún Castro láti ìta. Ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwàdà, tí ó mọ orúkọ ilé ọtí wọn, tí ó mọ ìtìjú wọn, ni ó kọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ó fi wọ̀ wọ́n lára.

N kò ní fi ìkìlọ̀ pamọ́. Ẹni tí ayé ti tì dànù máa ń yára fọkàn tán ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbà á mọ́ra, ibẹ̀ ni ewu wà. Ní 1983, ilé Zen San Francisco fúnra rẹ̀ mì tìtì nítorí bí ẹni tí ó jẹ́ olórí lẹ́yìn ikú Suzuki ṣe ń lo agbára àti ìbáṣepọ̀ rẹ̀, ó sì ní láti fi ipò sílẹ̀. Bí olùkọ́ bá di ẹni tí a kò lè bi léèrè, a ti gbé ẹni tí ó sá fún ọba kan lọ fún ọba mìíràn. Èyí ni mo ṣe sọ pé ẹ̀tọ́ àtibéèrè gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ náà rìn láti ọjọ́ kìíní.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin Nagpur wá bi mí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni èmi yóò lò fún dukkha, ìyẹn òtítọ́ àkọ́kọ́. Mo ti gbé ìnira wò, ó jọ ọ̀rọ̀ ara nìkan. Mo ti gbé ìbànújẹ́ wò, ó jọ ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan. Mo sọ fún un pé ìyà ni n ó lò, nítorí pé ó gba gbólóhùn méjèèjì: èyí tí ó ń jẹ wá láìsí ẹni tí a lè bá wí, bí ogbó àti ikú, àti èyí tí ẹnì kan ń fi jẹ wá, tí a sì lè dìde sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyá bàbá òun ì bá fọwọ́ sí i. Èmi kò mọ ìyá náà rí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lè fún ìtumọ̀ mi ní máàkì tí ó ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín ná. Bí ẹ bá tún ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá kan sí Yorùbá, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ìwé atúmọ̀-èdè nìkan. Ẹ béèrè pé bí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá bá gbọ́ ọ, ṣé yóò mọ̀ pé òun ni à ń bá sọ̀rọ̀?